Àga Tí Mo Gbé Kọjá Géètì

Òórùn àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Kì í ṣe àgbọn gidi o. Àbẹ́là kan ni ọ̀gá mi máa ń tàn sórí tábìlì, èyí tí wọ́n fi òórùn àgbọn sí, kí ẹni tó bá ti inú yìnyín ojú ọ̀nà Route 1 wọlé lè rò pé òun ti dé etí òkun. Igi ọ̀pẹ oníke kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, iyanrìn funfun wà nínú ìgò lójú fèrèsé, àwòrán obìnrin dúdú kan tó gbé agbọ̀n èso rù sì wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Mo máa ń wo obìnrin yẹn títí. Mo bi ọ̀gá mi nígbà kan pé ta ni. Ó ní, "Ọ̀kan nínú wọn ni."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ńlá tó wà ní College Park, ní Maryland, nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo kà, mo sì rò pé gbogbo ayé ló ń dúró dè mí kí n wá ṣàlàyé òjò fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí. Ọdún kan péré ni wọ́n fi gbà wá láyè láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé. Bí ọdún náà bá pé, tí èèyàn kò rí ọ̀gá tí yóò dúró fún un kó lè gba pépà ìgbélùú míì, àfi kó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ilé tèmi ni Ìbàdàn, níbi tí bàbá mi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ti di ará Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹ̀rù tó ń bà mí, nítorí ẹ̀rù pọ̀ níran. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ebi yóò pa mí. Ẹ̀rù ojú bàbá mi ni, ẹ̀rù bí wọn yóò ṣe máa dákẹ́ bí àwọn èèyàn bá ń béèrè mi. Ẹ̀rù yẹn ló ń jí mi láàárọ̀ kí aago tó dún, òun náà ló sì gbé mi dé ọ́fíìsì àbẹ́là àgbọn.

Ìsinmi ni ohun tí à ń tà níbẹ̀. Ọ̀gá mi, òyìnbó kan tí oòrùn ti sun awọ rẹ̀ bí awọ bàtà, ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní erékùṣù kan tí oòrùn kì í wọ́n. Ó ní ilé lórí òkè níbẹ̀ nígbà náà, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ní ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀ àti ẹni tó ń gé koríko rẹ̀. Ní Laurel, ìlú tí a wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó sì ń bínú sí ayé nítorí rẹ̀.

Ní gbogbo Sátidé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ gbé ní erékùṣù náà máa ń pé jọ sọ́dọ̀ wa, èmi ni mo sì ń gbé ọtí fún wọn. Ẹkún ni wọ́n ń sun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í jáde lójú wọn. Wọ́n ní erékùṣù ti bàjẹ́. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn mélòó kan péré ló mọ ibẹ̀. Ẹja ń jáde látinú òkun bọ́ sórí àwo, ẹnikẹ́ni kì í sì í pariwo. Nísinsìnyí, àwọn ọkọ̀ ojú omi gìrìwò tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ ń gúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń tú èèyàn sílẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà. Àwọn èèyàn náà á ra fìlà koríko, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sínú ọkọ̀ lọ jẹun ọ̀fẹ́ wọn, nígbà tí oòrùn bá fi máa wọ̀, wọ́n ti lọ. "Àwọn àlejò ti ba ibẹ̀ jẹ́," ni obìnrin kan láàárín wọn máa ń sọ, tí á máa mi yìnyín inú ife rẹ̀. Òun náà, ibi tí kò jìnnà sí Laurel ni wọ́n bí i sí.

Wọn kì í pe ara wọn ní àtìpó. Orúkọ tèmi ni àtìpó, orúkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì onílé mi ni àtìpó. Orúkọ tí àwọn fún ara wọn, "expat", dùn létí bí oyè. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn dárúkọ aládùúgbò rẹ̀ rí. Ajá wọn ní orúkọ. Alágbàfọ̀ wọn, "ọmọbìnrin wa" ni, bó tilẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Màmá mi máa ń wí pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ tán, ẹsẹ̀ dá. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ẹsẹ̀ dá lóòótọ́, ẹnu ni kò dá. Mo kẹ́gàn wọn tọkàntọkàn, mo sì ń bu yìnyín sí ife wọn tọkàntọkàn, nítorí pépà.

Nígbà tó yá, íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn èèyàn ń jókòó sílé wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì láìgbọ́ òórùn àbẹ́là kankan. Ni ọ̀gá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dáwó jọ, wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan sí etí òkun erékùṣù náà, wọ́n mọ odi yí i ká. Yàrá ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi háyà nìkan. Èèyàn lè ra ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yẹn jẹ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún títí ayé. Àwọn òyìnbó kò rà á tó bí wọ́n ṣe rò. Ọ̀gá mi wá wo Prince George's County tí a wà yí ká, ó rí àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà nínú jíìpù wọn láti Laurel dé Seat Pleasant. Ó pè mí jókòó. "Àwọn èèyàn rẹ ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú," ó ní, "kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ìsinmi. Kó wọn wá. Bí wọ́n bá rà, màá dúró fún ọ."

Ilé Ìyá Nọ́ọ̀sì ni mo ń gbé, ní yàrá abẹ́ ilé. Opó ni wọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n tún ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó lójú mọmọ. Àwọn náà ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe máa ń fà á tí n kò fi ní mọ̀ bóyá oríyìn ni tàbí yẹ̀yẹ́. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì, mo sọ ti òkun, mo sọ ti odi, mo sọ ti pépà mi. Wọn kò gbé ojú sókè.

"Kí ni èèyàn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ó sinmi ni, mà."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Bí a bá wá ń sinmi, kí la ó máa ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn yóò bá mi lọ, àwọn ìyá bíi mẹ́wàá láti ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ọ̀sì bíi tàwọn, yóò sì tẹ̀ lé àwọn. Bóyá àwọn yóò rà, bóyá àwọn ò ní rà, ìyẹn di ohun tí ojú bá rí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ojú tì mí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti ra fìlà koríko, mo ti ka ìwé nípa erékùṣù náà láti páálí dé páálí, mo wọ ṣòkòtò funfun bí ọmọ olówó. Àwọn ìyá gbé kúlà. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti dì gbagidi wà níbẹ̀, ẹran díndín wà níbẹ̀, ata lílọ̀ le bí òkúta, ṣinṣín kún ike. Mo rọra ṣàlàyé pé oúnjẹ wà nínú ohun tí wọ́n ti san. Ìyá kan tó máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wò mí láti fìlà dé bàtà. "Akọ̀wé, ṣé ìwọ lo máa gbé e ni?" Èmi náà ni mo gbé e.

Bí a ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n so okùn pupa mọ́ wa lọ́wọ́, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè mọ ẹni tó jẹ́ ti inú odi. Àwọn ìyá wo ọwọ́ wọn, wọ́n wo ara wọn. "Bí a ṣe ń ṣe aláìsàn nìyí," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. Ibẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Òkun mọ́ bí ojú ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú wa dé, wọ́n na ara sílẹ̀ lẹ́bàá omi ìlúwẹ̀ẹ́ bí aṣọ tí a sá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òyìnbó arúgbó kan nínú wọn rí ìyá olórin wa tó ń kọjá nínú aṣọ olódòdó, kò tilẹ̀ kí i, ó ní kó bá òun mú táwẹ́ẹ̀lì wá. Ìyá olórin mú un wá fún un. Nígbà tí mo bi wọ́n ìdí rẹ̀, wọ́n ní bàbá arúgbó ni, ara rẹ̀ sì tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìbínú tó bí mi. Kì í ṣe nítorí pé ó rò pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Nítorí pé inú rere gidi ni wọ́n fún un, ó sì gbà á bí ẹ̀tọ́, ó fi nu ìdí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wá yí. Wọ́n ti sinmi tán. Ìsinmi náà kò gbà wọ́n ju àárọ̀ kan lọ. Ìyá Nọ́ọ̀sì pè mí. "Akọ̀wé, ta ni àgbà ibí?"

Mo nawọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì.

"Mi ò béèrè òṣìṣẹ́. Ta ni àgbà ìlú? A ti sùn, a ti jí lórí ilẹ̀ onílẹ̀, a ò tíì kí ẹnikẹ́ni."

Mo sọ fún wọn pé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ni gbogbo wọn bá lọ ró ìró, wọ́n mú agolo bísíkíìtì, wọ́n mú ṣinṣín àti aṣọ àdìrẹ kan, wọ́n gba géètì jáde. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń bojú wẹ̀yìn, nítorí alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi ìpàdé sí, níbi tí yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ títí ayé. Ọkùnrin kan tó ń gé òdòdó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó fi ilé àgbà ìlú hàn wá. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ilé wọn fara ti odi òtẹ́ẹ̀lì gan-an, lábẹ́ igi máńgòrò.

Bí àwọn ìyá ṣe rí wọn, gbogbo wọn kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́wàá láti Maryland, orúnkún nílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Àwọn aráalé yọjú lójú fèrèsé. Ìyá àgbà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jọ pé wọ́n ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé, "Ẹ dìde. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Àlejò ni wá. A wá kí yín ni."

Wọ́n fún wa ní ìjókòó. Ẹnu ìjókòó yẹn la ti gbọ́ pé ọ̀nà tí àwọn apẹja ìlú ń gbà lọ sí òkun ni odi òtẹ́ẹ̀lì dí, pé ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ tí ilé ìyá náà wà ló kù tí òtẹ́ẹ̀lì ń wá, pé wọ́n ti rán oríṣiríṣi èèyàn wá bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti rán oríṣiríṣi èèyàn wá dẹ́rù bà wọ́n, wọn kò tà. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo pa ara lọ jókòó sídìí iná. Èmi rèé, mo ti kó àwọn oníbàárà ọ̀gá mi wá kúnlẹ̀ fún ọ̀tá rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìwà, bí a bá kí i, á wá dá ìkíni padà. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà dé géètì. Wọ́n dé fìlà tí wọ́n ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé agbọ̀n búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe dání. Ọmọ àbúrò wọn ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo ojú wọn; ó ń wo ilẹ̀, ó ń sọ pé kò sí okùn pupa lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyá wa ti sáré débẹ̀, wọ́n ní àlejò àwọn ni. Ọ̀gá mi dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Kò bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Fi èdè yín sọ fún wọn kí wọ́n wọlé. Sọ fún wọn pé wàhálà ni obìnrin yìí."

Oòrùn mú bí iná. Mo ń ronú bàbá mi, mo ń ronú Ìbàdàn, mo ń ronú àádọ́ta nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìyá Nọ́ọ̀sì wò mí. Wọn kò dárúkọ pépà, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ní, "Akọ̀wé, àgbàlagbà wà lórí ìdúró."

Mo lọ sí ẹ̀bá omi ìlúwẹ̀ẹ́, mo gbé àga funfun kan. Bí mo ṣe ń bọ̀, ọ̀gá mi dúró sí iwájú mi, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Bí àga yẹn bá kọjá géètì, má wulẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mọ́."

Ǹ bá fẹ́ sọ fún yín pé ìgboyà ni. Mo ti yẹ ọkàn mi wò láti ìgbà náà, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò, mo yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, n kò rí ìgboyà kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń rán mi lọ gbé àga fún àgbà. Ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ ìwé. Ẹsẹ̀ náà ló gbọ́ràn. Orí mi wà lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá mi kọjá, mo gba géètì jáde, mo gbé àga kalẹ̀ lábẹ́ òjìji odi. Ìyá àgbà jókòó, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Kí n tó yíjú padà, àwọn ìyá ti ń gbé àga tiwọn bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dí wọn lọ́nà, wọ́n ti gbé aláìsàn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé kúlà jáde, wọ́n tẹ́ ìró sílẹ̀, ìyá olórin bu ìrẹsì fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ń jẹ ẹ́ níbi tó ti ń ṣọ́ wa. Àwọn ọmọ ìlú dé, àwọn apẹja dé. Obìnrin onífe ọjọ́ Sátidé dúró sínú odi, ó ń wò wá. "Wọ́n ti ń ba ibí náà jẹ́," ó wí fún ọ̀gá mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà tí n kò lè kà, ọjọ́ yẹn nìkan ló dùn mọ́ mi. Alẹ́ lẹ́, wọ́n tan iná gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n to ìjókòó. Àwọn ìjókòó náà nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a dé Laurel, mo dùbúlẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, mo ń ka ohun tí n ó dì àti ohun tí n ó fi sílẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ wá nínú aṣọ iṣẹ́ òru wọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣebí ìwé lo mọ̀? Lọ ka òmíràn." Wọ́n mú mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí, mo tún gba pépà akẹ́kọ̀ọ́ kí ọdún tí wọ́n fún mi tó pé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì kọ́. Bàbá mi dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé ó ti já. "Nọ́ọ̀sì?" ni wọ́n wí níkẹyìn. Mo gbọ́ pé lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti ń sọ fún àdúgbò pé ọmọ àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dókítà.

Wọ́n ti ti ọ́fíìsì àbẹ́là pa. Àwọn tó ń ta fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí, bí mo bá wakọ̀ kọjá, n kì í bojú wo ẹ̀yìn. N kò ní sọ pé àga mi wó odi kankan; odi ṣì wà níbẹ̀, àwọn apẹja ṣì ń yí ọ̀nà jíjìn ká kí wọ́n tó dé òkun. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò tíì ta ilẹ̀ wọn. Ní gbogbo Kérésìmesì, àwọn àti Ìyá Nọ́ọ̀sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyá àgbà á sì béèrè ọmọ tó gbé àga.

Mo ṣì ń gbé ní ilé náà. Bí àgbà kan bá wọlé wá kí wa, Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í wo ibi tí mo wà, wọ́n á kàn ní, "Akọ̀wé, àgbàlagbà wà lórí ìdúró." Màá dìde. Kò sí géètì láàárín yàrá ìjẹun àti pálọ̀, kò sì sí ẹni tó dúró lọ́nà tí yóò sọ ohun tí àga náà máa gbà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, bí mo bá ti dì í mú, ó máa ń wúwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.